Ìyá Sípánà Fi Han Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́

Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìyá Sípánà ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu géètì yunifásítì. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, nígbà tí àwọn ẹbí ń wí pé kí ni ọmọbìnrin ń bá táyà fà. Ó mọṣẹ́ dójú àmì tán ni àwọn náà bá ń gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mọ́tò olùkọ́ kan gbá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko, lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ilé ìkàwé ti yà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán. Olùkọ́ kò fi eré wa mọ́tò rárá. Ṣe ló jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, tó ń wí pé òun kò rí i. Ìyá Sípánà ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà wá bá. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn: kò sí iná níwájú, kò sí ike pupa tó máa ń tàn yòò lẹ́yìn bí iná mọ́tò bá kàn án. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún bírékì kẹ̀kẹ́ yìí ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí kò sì sọ nǹkan kan. Ó dùn ún dé eegun.

Láti ọjọ́ náà, kò sí kẹ̀kẹ́ tó kúrò níwájú rẹ̀ láìní ike yìí, pupa lẹ́yìn, funfun níwájú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti ṣe kẹ̀kẹ́ àwọn lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó tuntun. Àwọn mìíràn á yọ ọ́ dànù bí wọ́n bá ti yà sí kọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín ń lọ lọ́wọ́ ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà lẹ ìwé mọ́ géètì nítorí ìjàǹbá yẹn: láti oṣù tó ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ rìn nínú ọgbà mọ́ bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù. Àwọn tí ilé wọn jìnnà yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn fún wákàtí kan. Ìyá Sípánà fọ gírísì ọwọ́ rẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì.

Ọ̀gá fún un ní àga, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọmọ náà ni kì í fara balẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìwà wọn kọ́ ni mo bá wá, ọ̀gá," ni ìyá dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ohun tí ojú ẹni tó ń wa mọ́tò lè rí ni. Ẹ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan péré."

Ní ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó ní kí ọ̀gá jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìkàwé, kí ó tan iná. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó wá yọjú sí fèrèsé mọ́tò.

"Mélòó lẹ rí?"

Ọ̀gá na ọrùn, ó kà, ó tún un kà. "Mẹ́fà."

Ìyá Sípánà súfèé. Àwọn mẹ́fà náà ń bọ̀, ike kẹ̀kẹ́ wọn ń tàn yòò, àwọn mẹ́fà mìíràn sì ń yọ láàárín wọn láti inú òkùnkùn, kẹ̀kẹ́ tiwọn kò ní ike kankan, ó dúdú bí èédú. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Ìyá, mo jẹ̀bi. Ǹ bá ti lé àwọn ọmọ ọlọ́mọ kúrò lójú ọ̀nà nítorí àìsí ike pélébé."

Òun fúnra rẹ̀ ló já ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé ẹ̀kọ́ ra iná àti ike fún gbogbo kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fún Ìyá Sípánà ní yàrá kan nínú géètì, tó ní tábìlì iṣẹ́ gidi àti fèrèsé ńlá. Ọjọ́ tó ṣí i, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò dé ojú títì, àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ló sì wà níwájú.

Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ọmọ oníwé ewéko tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán padà dé. Ìyá ti tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe, ó ti fi iná sí i. Ọmọ náà gùn ún, ó kọ́kọ́ fì díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mú ọ̀nà ilé ìkàwé pọ̀n, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sẹ́nu yàrá náà sì ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Sípánà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, gírísì sì yí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò nù ún kúrò títí ó fi délé.