Ìgò Tó Wà Lápò Bàbá Ifọ̀

Òórùn bílíìṣì ló máa ń dá mi padà sí ọdún tí mo fi gé imọ̀ ọ̀pẹ ní Mówé. Mo lè máa fọṣọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi lẹ́yìnkùlé, bí òórùn yẹn bá ti dé imú mi, ọ̀nà inú ẹsítéètì yẹn ni mo máa ń rí, pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láti géètì títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀pẹ yẹn kì í so ẹyìn, ẹwà lásán ni wọ́n gbìn ín fún. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ewé gbígbẹ lára igi tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ nǹkan kan lára rẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n máa sanwó fún un lóòótọ́. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, iṣẹ́ tí kò béèrè ìwé sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó tún tẹ́ mi lọ́rùn ni pé lókè àkàbà, kò sẹ́ni tó máa bá mi sọ̀rọ̀. Ojú máa ń tì mí nígbà náà débi pé tí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, màá dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ pé ó wà o, kí n tó tẹ̀lé e bọ́ọ́lẹ̀, ibi yòówù kó jẹ́.

Àwa mẹ́ta la wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà ni tèmi. Ọwọ́ òsì jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan tó ń ti Ifọ̀ wá, tí a ń pè ní Bàbá Ifọ̀. Ìyá Ìbejì ló ń kó ewé tí a bá gé sínú ọmọlanke. Ọ̀gá wa máa ń gun ọ̀kadà rẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Màrìwò àárín, ewé tuntun tó máa ń nà ṣánṣán sókè, ló máa kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà á dorí kodò. Ọ̀kan kú, òmíràn tẹ̀lé e, ọwọ́ ọ̀dọ̀ mi sì ni gbogbo wọn wà. Ti Bàbá Ifọ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ lódìkejì. Ọ̀gá dúró lábẹ́ ìkẹta, ó ní, “Ẹnì kan ló ń pa igi yìí. Tí òmíràn bá tún kú, ẹnì kan nínú yín máa lọ sílé.” Èmi ló ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ Bàbá Ifọ̀. Ìgò kékeré kan wà lápò ṣòkòtò rẹ̀, ó fi láílọ̀nù dúdú wé e. Kí ó tó gun igi kọ̀ọ̀kan, á kẹ̀yìn sí wa, á da omi inú ìgò náà sórí àkísà, á fi nu àdá rẹ̀ ní tojú-tẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà á dúró gbọin, ètè rẹ̀ á máa mì. Tó bá fún àkísà náà, ọ̀dọ̀ mi ni omi rẹ̀ máa ń ṣàn sí.

Ìyá Ìbejì ní, “Ṣé o mọ̀ pé ó ń gbin ọ̀pẹ yìí sínú ike nílé ẹ̀, tó ń tà á? Tí tibí bá kú tán, ọwọ́ ta ni wọ́n ti máa ra òmíràn?”

Mo gbé àkàbà mi lọ sídìí igi tó kàn.

“Ìwọ ṣáà dákẹ́. Tí wọ́n bá lé ẹ tán, wàá sọ̀rọ̀.”

Mo lè bi bàbá yẹn ohun tó wà nínú ìgò. Ojoojúmọ́ la jọ ń sinmi lábẹ́ igi kan náà, ó sì máa ń bu gúgúrú rẹ̀ fún mi. Màá kúnlẹ̀ gbà á. Tó bá ti gbójú kúrò lára mi, màá dà á sẹ́yìn, nítorí mi ò mọ ohun tó ti fi ọwọ́ yẹn kàn. Ebi á sì pa mí di ìrọ̀lẹ́, mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Nígbà tí ìkẹrin pọ́n, mo tètè lọ bá ọ̀gá kí ó tó wá bá mi, mo ní kí ó yẹ àpò Bàbá Ifọ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un sọ kí ó tó gbọ́ ohùn mi. Ó fa ìgò náà yọ lápò bàbá, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Bílíìṣì lẹ ń dà sí igi mi?”

Bàbá lanu láti ṣàlàyé, ọ̀gá ò gbọ́. Bàbá ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Wọ́n fi ọwọ́ òsì kún tèmi. Kò pẹ́ tí èyí tí mo kọ́kọ́ gùn níbẹ̀ fi pọ́n, èyí tó tẹ̀lé e náà pọ́n, lẹ́yìn náà ìkẹta. Mo dúró sáàárín títì lọ́sàn-án gangan, mo wò wọ́n. Bí mo ṣe gùn wọ́n tẹ̀ léra ni wọ́n ṣe ń kú tẹ̀ léra. Àárọ̀ ni mo máa ń gé ewé tó ti pọ́n, kí ọ̀gá má baà rí i, àdá yẹn kan náà ni màá sì gbé lọ sórí igi tí nǹkan kan ò ṣe. Èmi ni mo ń gbé àrùn náà kiri. Àdá ni Bàbá Ifọ̀ ń fọ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀. Láàárín àwọn ọ̀pẹ kéékèèké inú ike ni mo ti bá a, Ìyá Ìbejì ò parọ́ nípa ìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ igi náà fún un. Kò ní kí n dìde.

Ó ní, “O kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí o máa sọ̀rọ̀, èmi lo fi bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

“Ṣé o ti ń fọ àdá báyìí?”

“Mo ti ń fọ̀ ọ́, sà.”

“Tí o bá nù ún tán, ka ọgọ́ta kí o tó gun igi. Tí o bá kánjú, kò ní ṣiṣẹ́.” Ó bomi sí ike kan. “Lọ sọ fún ọ̀gá ẹ.”

Mo sọ fún un, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí èmi náà gbé àkàbà sílẹ̀. Ó ní òun á ránṣẹ́ pe bàbá. Mi ò mọ̀ bóyá ó ránṣẹ́.

Ìbafo ni mo ń gbé báyìí, mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Tí mo bá gba Mówé kọjá, mo máa ń wo àlàfo tó wà láàárín àwọn ọ̀pẹ yẹn. Ó dùn mí, àmọ́ wọ́n lè gbin òmíràn síbẹ̀. Gúgúrú tí mo dà nù lẹ́yìn bàbá yẹn lójoojúmọ́, òun ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un.