Ẹ̀rọ Tí Mo Ní Kò Ní Gbàgbé

Ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń pè mí ní Ẹnjiníà. Mi ò kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà nílé ìwé kankan, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kí ó má pè mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan gbé láptọ́ọ̀pù wá láti Ẹ̀pẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ẹ̀rọ náà ń wọ́ bí ìgbín. Mo yọ ètò tó wà nínú rẹ̀ kúrò, mo fi òmíràn tí wọ́n ń pè ní Linux sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu.

Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, iná ni wàhálà mi. Mo lè máa tẹ̀wé lọ́wọ́ kí wọ́n mú un lọ. Bátìrì yìí náà ò sì lágbára."

Mo ní, "Mọ́mì, ìyẹn ti tán. Tí bátìrì bá fẹ́ kú, ẹ̀rọ yìí á kó gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe pamọ́ fúnra rẹ̀. Tí iná bá dé, ẹ ó bá a bí ẹ ṣe fi sílẹ̀."

"Mi ò ní láti séèfù?"

"Kò pọn dandan, mà."

Mo pa ẹ̀rọ náà dé lójú wọn, mo tún ṣí i, ìwé wọn sì wà níbẹ̀ digbí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé wáyà iná wà lára rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ náà ò kú rárá, ṣe ló kàn tòògbé. Mi ò yọ wáyà kí n wò ó bí yóò ṣe rí tí bátìrì bá kú tán. Ebi ń pa mí, mo fẹ́ lọ jẹun.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn fi jókòó ti ẹ̀gbọ́n àwọn ọkùnrin, apẹja tó ti darúgbó, tí ìgbàgbé ti ń bá jà. Ohun tí bàbá wọn kọ́ ọ nípa omi ọ̀sà àti ẹja inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Iná lọ, bátìrì kú. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà padà, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Mọ́mì, àfi bí ẹ bá tẹ nǹkan tí kò yẹ kí ẹ tẹ̀."

Wọ́n wá ní, "Ó ṣeé ṣe. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ má bínú, Ẹnjiníà, mo ń yọ yín lẹ́nu."

Wọ́n fi láptọ́ọ̀pù náà rán dírẹ́bà kan, mo sì lọ gbà á ní Gáréèjì Ìkòròdú. Mo ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe nípa ara rẹ̀, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbìyànjú láti kó iṣẹ́ ìyá náà pamọ́, ṣùgbọ́n kò rí àyè tó gbà á. Èmi ni mo gé àyè náà kéré jù. Mi ò sì kọ ìlà àṣẹ kan tí yóò sọ fún un, bó bá jí, ibi tí yóò ti lọ kó ẹrù rẹ̀. Mo fẹ àyè náà, mo kọ ìlà náà, mo yọ wáyà, mo jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá. Nígbà tí mo tan án, gbogbo ohun tí mo tẹ̀ síbẹ̀ padà wá. Gbogbo rẹ̀ ò gbà mí tó wákàtí méjì.

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn: "Mo ti tún un ṣe, mà. Ẹ máa ṣọ́ra." Wọ́n dá a padà pé Ọlọ́run yóò fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ mi. Mi ò lè ṣe àmín. Ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ náà, mo wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyá náà gbé omi fún mi, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹnjiníà tó tún nǹkan tí mo bà jẹ́ ṣe nìyí."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́. Èmi ni mi ò ṣiṣẹ́ náà pé."

Wọ́n ní, "O mọ̀ nígbà tí o ní mo tẹ nǹkan?"

"Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn, mà. Mi ò wádìí kí n tó sọ ọ́. Nígbà tí mo wá mọ̀, mo tún dákẹ́."

"Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ mi pé èmi ni mo pa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́."

Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ń sọ̀rọ̀, èmi ń tẹ̀, mo ń séèfù. Ó rántí púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí bàbá wọn máa ń dẹ àwọ̀n sí nígbà tí ọ̀sà bá ru, ó dúró. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀: "Mo ti sọ ìyẹn fún ẹ, àbí?"

"Ẹ ti sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi." Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ìyá náà fúnra wọn ò rántí ibẹ̀ mọ́.

Kí n tó lọ, mo bẹ ìyá náà kí wọ́n pe àkọ́bí wọn fún mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé fún un látòkèdélẹ̀ ohun tí mo ṣe, pé kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa," ó sì pa fóònù.