Òṣìṣẹ́ Mọ́kànlá Tí Kì Í Ṣàìsàn

Oṣù méje péré ló kù kí akọ̀wé owó oṣù ilé iṣẹ́ omi fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀. "Alágogo" ni wọ́n ń pè é, nítorí kò pẹ́ dé rí. Nígbà tí àwọn olùwádìí ránṣẹ́ pè é nípa owó tó ń jò, ó ṣáájú aago dé ọ̀hún náà.

Obìnrin tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ó dìde kí i, ó fún un ní àga, ó sì ṣí ìwé ìwọṣẹ́ tí Alágogo ń kọ lójoojúmọ́ sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Àwọn mọ́kànlá yìí, láti ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó gba ìsinmi. Ibà lásán ò ṣe wọ́n."

"Òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin Alágogo gan-an gba ìsinmi lẹ́ẹ̀mẹta!"

Ẹni tó bá kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí kò sí sínú ìwé, ó yẹ kó máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ara wọn ò yá. Ṣùgbọ́n Alágogo kì í gbà kí ènìyàn pa iṣẹ́ jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti kọ "kò wá" síwájú orúkọ kankan.

Olùwádìí fi ìka lé orúkọ kẹsàn-án. "Ìyàwó yín rèé. Wọn ò ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ omi rí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Ìwé yín sọ pé aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń wọlé lójoojúmọ́. Orúkọ wọn ló wà lórí àkáǹtì tí owó náà ń wọ̀ ní báńkì. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ìyàwó yín la máa gbé lọ sí kóòtù."

Lọ́yà rẹ̀ ti ní kó má la ẹnu. Ìmọ̀ràn náà dára, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

"Ẹ pe ìyàwó mi wọlé," ló wí. "Ojú ẹ̀ ni mo ti máa sọ ọ́."

Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ránṣẹ́ pè pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ti orí bẹ́ǹṣì ìta wọlé. Tábìlì ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, fọ́ọ̀mù tí mo ní kóo fọwọ́ sí, tí mo ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, irọ́ ni. Owó òṣìṣẹ́ tí kò sí ni mo fi ń gbà. Kò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin olùwádìí."

Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn.

"Gbogbo ẹni tó wá kí mi ní ọsibítù," ló wí, "mo sọ fún wọn pé òógùn ojú ọkọ mi ló ń tọ́jú mi. Mo fi yangàn!"

Alágogo fa bírò mọ́ra, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

"Ìyá, ẹ máa lọ sílé," ni olùwádìí wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," lobìnrin náà dáhùn. Ó kọjá lára ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára àga, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.