Òrùlé Tó Yẹ Kó Jò

Kò-Jò ni wọ́n ń pe ọkọ mi, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kan páànù sórí ilé onílé, kò sì sẹ́ni tó tíì pè é padà pé omi ń kán sí òun lórí ibùsùn. Tí a bá lọ kí èèyàn, kò ní tíì jókòó tán tí yóò fi gbójú sókè wo àjà. Bó bá rí àbàwọ́n omi níbẹ̀, inú ti bí i nìyẹn, bí ẹni pé òun ni wọ́n bú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, gbé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì wálé. Tíṣà wọn ní kí kálukú ṣe ohun tí yóò fi ìrìn omi hàn: oòrùn yóò mú omi òkun gbóná, ooru yóò gòkè, yóò sì padà rọ̀ bí òjò. Tíṣà là á mọ́lẹ̀ pé èyí tí òjò kò bá rọ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òun kò ní gbà á. Ọmọ yìí sì ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì pé bàbá òun ni yóò kan òrùlé tòun.

Inú ọkọ mi dùn débi pé kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó fọ àpótí gíláàsì tí a fi sin ẹja nígbà kan. Ọmọ fi amọ̀ mọ òkè sí apá kan, ó da omi sí apá kejì bí òkun, wọ́n gbé gílóòbù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí oòrùn. Ìdérí nìkan ni bàbá ò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn. Gíláàsì ló fi ṣe é, ó fi pákó tín-ín-rín gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè díẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀, ó kó yìnyín lé e. Mo ní kó wá jẹun, ó ní òun ń bọ̀.

Títí di Ọjọ́bọ̀, òjò kò rọ̀. Ìrì ń sẹ̀ sábẹ́ ìdérí, a ń rí i, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń padà sínú òkun. Òkè amọ̀ gbẹ títí ó fi là. Ọkọ mi pààrọ̀ gílóòbù, ó fi yìnyín kún yìnyín. Ọmọ jókòó ti àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán, omi ti lé sí i lójú.

Ó rọra sọ pé, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Òrùlé yín ló dára jù. Kò jẹ́ kí omi kán."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ìdérí láti abẹ́, ó rí bí omi ṣe ń gba ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là fún un. Èmi tí mò ń ká aṣọ bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè mú un mọ́ra.

Mo ní, "Bàbá ọmọ, àwọn tí òrùlé tí wọ́n kàn ń jò, báwo ni wọ́n ṣe ń kàn án?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ jalè. Àmọ́ ó mọ̀ ọ́n. Ibi tí òrùlé bá ti tẹ̀ láàárín, tí omi péjọ sí, ibẹ̀ ni yóò ti máa kán. Ohun tó fi ń bú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó tú gíláàsì kúrò, ó ta náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bo àpótí láì fà á le, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra. Ó gbé òkúta kékeré sí àárín, lọ́gangan orí òkè amọ̀, kó lè tẹ̀, ó kó yìnyín yí i ká.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó já. Ó so rọ̀ lábẹ́ òkúta, ó ń tóbi, ó bọ́ sórí òkè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ọmọ fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí aṣọ mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé ìwé, ó dúró sẹ́yìn kíláàsì. Òjò rọ̀. Tíṣà béèrè ẹni tó ṣe òrùlé, ọmọ wa sì dìde.

"Bàbá mi ni. Òrùlé tí wọ́n kàn ò jò rí. Tèmi nìkan ni wọ́n gbà kó jò."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fún mi kí oúnjẹ tó tán, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.