Iyùn ìyàwó mi lórí àtẹ

Iyùn tí mo ní kí wọ́n fi sin ìyàwó mi ni mo rí lórí àtẹ lónìí, lọ́jà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Houinmè.

Mo mú un wò. Èmi ni mo fi òwú àwọ̀n búlúù so ó nígbà tó já. Òwú náà ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ rọra mú un o, bàbá. Nǹkan àtijọ́ ni," ni ẹni tó ń tà á wí.

"Ta ló tà á fún ọ?"

"Ìyá kan ní Tokpota. Ó ní ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni, pé ẹni náà ò lò ó mọ́."

Nílé wa, ọkọ kì í wọ yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú ìyàwó rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ni mo fi iyùn náà lé lọ́wọ́. Nígbà tó jáde, ó ní, "Mo ti fi sí i lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ ẹ́." Tokpota ló ń gbé.

Mo rà á. Ó wà lápò mi.

Lọ́la ni àbúrò mi máa gbé ọbẹ̀ wá, bó ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òun nìkan ló kù tó ń wá wò mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n gbé iyùn yìí sórí tábìlì, àbí kí n jẹun kí n dákẹ́?