Okùn Gìtá Bàbá Mi Tí Mo Fi Ṣe Pààrọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, òórùn irin ló máa ń jí mi. Bàbá mi á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wa, wọ́n á fi ìka méjì tọ́ wa lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka náà á sì máa run bí ọwọ́ ẹni tó di géètì mú lẹ́yìn òjò. A ó wá mọ̀ pé wọ́n ti ń ta gìtá ní pálọ̀ láti ìdájí, a kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Festac bíi tèmi, ẹ mọ bí fúláàtì wa ṣe rí. Bí ará òkè bá sín, ará ìsàlẹ̀ á kí i. Ṣùgbọ́n gìtá bàbá mi kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gìtá oníná ni, pátákó lódindi, kò ní ihò nínú. Tí wọn kò bá so ó mọ́ sípíkà, ariwo ẹ̀ kò ju ti èkúté tó ń họ páálí lọ.

Okùn orí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Okùn gìtá tí gbogbo ayé ń lò, bí ẹ bá fi ìka wọ́ ọ, á ké fíìn, nítorí pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ roboto ni wọ́n lọ́ mọ́ èyí tó nípọn nínú ẹ̀, ara ẹ̀ wá rí gbágungbàgun bí ara bóòtù mọ́tò. Ti bàbá mi yàtọ̀. Wáyà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ bíi rìbọ́ọ̀nù ni wọ́n fi wé e, ó ń dán, ó ń yọ̀ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ọ́fíìsì ló bá wọn rà á bọ̀ láti òkè òkun. Ọ̀rẹ́ yẹn kò mọ gìtá yàtọ̀ sí pátákó ìlọṣọ, ó kàn ní kí oníṣọ́ọ̀bù fún òun ní èyí tó wọ́n jù. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ so ó, inú wọn kò dùn. Ó le lábẹ́ ìka, kò ṣeé fà kó máa sunkún bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òróró ọwọ́ wọn wọ̀ ọ́ lára, ohùn ẹ̀ rọ̀, ó wá ń dún dùmù dùmù bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú iṣu gbígbóná lẹ́nu. Ọdún méje ni wọn kò fi pààrọ̀ ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ohùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, bàbá mi á máa ta á lábẹ́ àdúrà, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wọn á máa rìn lórí okùn láì ké fíìn kankan. Àwọn màmá arúgbó tó jókòó níwájú á dijú, omi á máa bọ́ lójú wọn. Màmá mi, tí kì í yin ọkọ ẹ̀ lójú ẹ̀, máa ń sọ fún wa lẹ́yìn pé, "Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gìtá bàbá yín ló ń jẹ́ kó dùn."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìjọba ti kó ilé iṣẹ́ tí bàbá mi wà lọ sí Àbújá, ó sì ní kí bàbá mi máa lọ sinmi. Wọn kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa láàárọ̀, wọ́n á jókòó sí bálíkónì, wọ́n á máa wo àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, kò sẹ́ni tó ń retí wọn níbì kankan. Àga onígìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pẹ́ dé ibẹ̀, èèyàn á bèèrè wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ orí mi, ṣùgbọ́n mo mọ ìyẹn.

Ni Bọ̀dá Kúnlé bá dé. Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí akọrin, ọmọ yunifásítì, bàtà ẹ̀ ń dán débi pé ó lè fi ya irun. Ó fẹ́ kí gìtá máa ké, kí àwọn ọ̀dọ́ máa fò. Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìdánrawò, mo wà nídìí sípíkà tí mò ń ká wáyà, mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi pé, "Dádì, ẹ má bínú o. Gìtá yín ti sùn. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin. Tí kò bá tíì jí títí di Sọ́ńdè, ẹ jẹ́ kí bọ̀dá onígìtá Abúlé Adó yẹn máa bá wa ta á." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, sà." Sà, fún ọmọ tí wọ́n lè bí. Nígbà tí a délé, wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò le. Okùn ti gbó, ẹ wá tuntun. Kò sówó, ẹ ṣe pààrọ̀. Ẹ rántí àwọn ìyá tó máa ń ru abọ́ rọ́bà kiri àwọn òpópónà kúlóòsì wa, tí wọ́n ń fi gba aṣọ àlòkù? Èmi ni màmá mi máa ń rán sí wọn, nítorí ẹnu mi. Mo ti fi ṣòkòtò bàbá mi kan tó ya nídìí gba báàfù ńlá rí, ìyá yẹn bú mi títí tó fi dé ẹnu géètì. Kí ni okùn gìtá já mọ́?

Ní Furaidé, bàbá mi lọ tò sórí ìlà nítorí fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì. Mo tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ká wọn, mo fi bébà wé wọn, mo gba Agboju lọ, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe tó tún ń ta okùn gìtá. Bàbá Rédíò là ń pè é. Mo ní bàbá mi ló rán mi wá ṣe pààrọ̀. Ó kọ́kọ́ ń yọ ṣùtì sí mi. Ó wá fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan nínú èyí tó nípọn, ó tún ra á. Ó ní, "Irú tuntun wo lo fẹ́?" Mo ní èyí tó ń ké jù. Ó já pákẹ́ẹ̀tì kan fún mi, ó fi pọ́fù-pọ́ọ̀fù mẹ́rin lé e, n kò tọrọ. Mo ń jẹ ẹ́ lọ sílé, mo ń yọ̀ pé mo rẹ́ àgbàlagbà jẹ. Lónìí, lẹ́yìn ogún ọdún tí mo ti ń ta iná mọ́tò ní Trade Fair, bí mo bá rí ẹni tí ọlọ́jà ń fún ní èènì tí kò bèèrè, àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí.

Bàbá mi dé, wọ́n bá gìtá lórí àga ní ìhòòhò, pákẹ́ẹ̀tì tuntun lórí ẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí mò ń retí ìyìn.

"Fọlá, àwọn okùn mi dà?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Kí lo gbà lé e?"

Mo ní pákẹ́ẹ̀tì kan àti pọ́fù-pọ́ọ̀fù mẹ́rin.

"Pọ́fù-pọ́ọ̀fù náà dà?"

Mo ní mo ti jẹ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn jù. Màmá mi jáde láti kíṣìnì, ó wo ojú wọn, kò bá wọn rín in. Ó fa etí mi, ó di Agboju. Bàbá Rédíò ní ọkùnrin kan tó ń lọ sí Badagry ti rà á, ó ti wọkọ̀. Màmá mi sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún un, ó sọ irú èyí tí àwọn òbí ẹ̀ jẹ́, gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù jáde wá gbọ́. Okùn kò kúkú padà.

Lọ́jọ́ ìkórè, okùn tuntun ni bàbá mi so lọ. Nígbà ìyìn, gìtá ké, àwọn ọ̀dọ́ fò, Bọ̀dá Kúnlé na àtàǹpàkò sókè sí wọn. Mo ti ń wo màmá mi bíi pé, ṣé ẹ rí i báyìí? Àfìgbà tí àdúrà dé. Bàbá mi sún ọwọ́ láti ibì kan sí òmíràn, okùn ké fíìn. Pásítọ̀ la ojú kan. Wọ́n tún sún un, fíìn. Ẹnì kan lẹ́yìn fi ẹnu ṣe é, ẹ̀rín bú yọ. Bàbá mi bá tẹ́ ọwọ́ lé okùn pátápátá, wọ́n tẹrí ba. Àdúrà yẹn dá lọ fúnra ẹ̀, ó gbẹ bíi gààrí tí kò rí omi.

Lẹ́yìn ìsìn, màmá arúgbó kan bi wọ́n léèrè pé kí ló ṣe gìtá. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn màmá mi. Bàbá mi ní, "Okùn ti gbó, mà. Mo pààrọ̀ ẹ̀." Bọ̀dá Kúnlé náà sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Dádì, níbi ìyìn, ẹ gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n tí àdúrà bá dé, ṣé ẹ lè dá okùn àtijọ́ yẹn padà?" Bàbá mi ní kò sí mọ́. Ó ní, "Kí lẹ wá pààrọ̀ ẹ̀ fún?" Bí wọ́n bá yọ̀ǹda mi lọ́jọ́ yẹn, eyín ni mo máa fi bá a sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò gba àga lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí pásítọ̀ bá ti ní ká dijú, bàbá mi á gbé ọwọ́ lé itan. Wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fi fóònù hàn mí pé okùn pẹlẹbẹ yẹn wà, wọ́n á gbé e wá bá èèyàn nílé. Mo rà á, n kò ná an, èmi tí mo máa ń ná omi inú ọ̀rá. Mo gbé e lọ bá bàbá mi ní fúláàtì kan náà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ó gbà wọ́n ní odindi ọ̀sán kí wọ́n tó so ó tán. Wọ́n ta á. Kò ké fíìn, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ó dún ganran bí ìgbà tí ṣíbí bá já lu àwo. Mo ní wọ́n ti tún rẹ́ mi jẹ. Bàbá mi ní rárá, ojúlówó ni. "Ó ṣì jẹ́ tuntun ni. Ó máa tó ọdún márùn-ún, mẹ́fà, kí ọwọ́ tó wọ̀ ọ́." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ó di ọ̀la.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn kò lè dúró de Sọ́ńdè. Èmi tí mo ti lé ní ogójì, tí gbogbo nǹkan ní iye lójú mi, mo wá rí ọjà kan tí wọn kì í tà fún èèyàn. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń yà lọ́dọ̀ wọn. Bí ọwọ́ bá ro wọ́n, wọ́n á gbé gìtá lé mi lẹ́sẹ̀. N kò mọ orin kankan. Mo kàn ń fi ìka mi tó kún fún gíríìsì lọ sókè sódò lórí okùn, kó lè tètè gbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dẹ etí sí i, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó ti ń rọ̀. Etí mi kò di, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ń ta á lọ.