Tọnafíìsì àti Ìbọn Bàbá Wọn

Inú ṣì ń bí mi. Ìbọn àtijọ́ ni mo máa ń kó jọ, ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ni mo sì fẹ́ràn jù. Mo rí ọ̀kan níbi ìpàtẹ ìbọn ní Pasadena, ní Amẹ́ríkà níbí, lọ́wọ́ àgbàlagbà Yorùbá kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Wọ́n ní ìbọn bàbá àwọn ni.

Mo yọ tọnafíìsì láti tú u wò, bí mo ṣe máa ń ṣe fún òyìnbó tó bá ń tajà. Ojú wọn yí padà.

"Ṣé o fẹ́ tú ìbọn bàbá mi lójú mi ni? Ṣé irọ́ ni mo ń pa?"

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo rà á.

Mo tú u nílé. Ìta rẹ̀ dógùn-ún lóòótọ́, àmọ́ inú rẹ̀ ń dán bíi ṣíbí tuntun. Wọ́n ti da àsìdì sí i lára kó lè jọ ti àtijọ́.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ṣakabùlà méjì mìíràn wà lórí tábìlì wọn. Wọ́n ń sọ fún oníbàárà kan pé ìbọn bàbá àwọn ni. Bàbá wo ló ní irú ìbọn wọ̀nyí, tí igi ìdí wọn àti ti tèmi sì sán lójú kan náà? Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ kì í pe àgbà ní òpùrọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ìyá mi kọ́ mi gan-an ni wọ́n fi rẹ́ mi jẹ.

Mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó bá ń ta ìbọn. Àmọ́ tọnafíìsì á ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó dìde.